Tramadol Kọ́ Ló Ń Kini Láyà Lórí Pápá

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, máa ń sá eré mítà 400. Bí wọ́n bá ń fi dánra wò, kò sẹ́ni tó ń lé e bá. Tó bá di ọjọ́ ìdíje, yóò máa bì, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Kóòṣì rẹ̀ ní ká fún un ní ìdajì tramadol kí àyà rẹ̀ lè le. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu. Ẹ má fún un, ìbáà ṣe èérún rẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn.

Oògùn ìrora ni tramadol. Ó máa ń mú èébì gbéni (ọmọ tó ti ń bì tẹ́lẹ̀!), ó lè fa gìrì, ó sì ń di bárakú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá, ti fòfin de lílò ó lásìkò ìdíje. Ẹlòmíì á ní propranolol ńkọ́, èyí tó ń dẹwọ́ ìlùkìkì ọkàn? Ní Òlíḿpíìkì Beijing lọ́dún 2008, òun ni wọ́n torí rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ méjì lọ́wọ́ Kim Jong-su, ayìnbọn ará Àríwá Kòríà. Ayìnbọn sì rèé, ojú kan ló dúró sí. Ẹni tó fẹ́ sá mítà 400, ṣé ọkàn tó ń tòògbé ló fẹ́ fi sá a?

Ẹ rò pé àyà tó ń já ni àìsàn. Rárá o. Ara ló ń múra: ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ síṣan ẹsẹ̀, inú ò ráyè oúnjẹ mọ́, ló fi ń bì. Ẹ jẹ́ kó jẹun ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Kó tó bọ́ sídìí ìlà, kó mí sínú, kó rọra mí síta pẹ́ ju bó ṣe mí sínú lọ, lẹ́ẹ̀mẹfà. Kó máa ṣe é níbi ìdánrawò náà.

Ìbẹ̀rù ìjákulẹ̀ gan-an, ilé ló sábà máa ń gbé. Ọmọ kan sọ fún mi pé kí òun tó dé ìlà ìparí lòun ti ń gbọ́ òṣé bàbá òun létí. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ń sọ nínú mọ́tò bọ́mọ yín bá ṣe ipò karùn-ún? Tobi Amusan, eléré ìje ọmọ Nàìjíríà, ṣe ipò kẹrin ní Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 2021. Ní 2022, níbi ìdíje àgbáyé ní Eugene, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá mítà 100 onífífò, kò sóbìnrin tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò tíì fojú rí ọmọ yín o. Bó bá ń dákú, tí àyà ń dùn ún, tàbí tó ń bì lọ́jọ́ tí kò sí ìdíje, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ní ti kóòṣì yẹn, ẹ bi í léèrè ibi tó ti ń rí tramadol tó ń pín fọ́mọ ọlọ́mọ.