Tí kóòdù bá kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ gé e kúrú

Ẹ kú iṣẹ́ o, arákùnrin tó béèrè pé kí lèèyàn ń ṣe tí kóòdù bá ti dá a dúró sójú kan látàná tí Google náà ò rí nǹkan gidi sọ. N tójú mi ti rí nídìí iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi dáhùn. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí keyboard ná. Tẹ́ ẹ bá ń yí ìlà yìí, tẹ́ ẹ tún ń yí tọ̀hún, tẹ́ ẹ wá run gbogbo ẹ̀ pọ̀, tó bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ẹ ò ní mọ èyí tó tún un ṣe, tí ò bá sì ṣiṣẹ́ ó ti di wàhálà méjì nìyẹn.

Bébà àti bírò lèmi máa ń mú (bébà gidi o, ó tiẹ̀ wúlò gan-an tí wọ́n bá mú iná lọ), màá fi ìlà pín in sí méjì. Apá kan, n tí mo ti fojú ara mi rí. Apá kejì, n tí mo kàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Dátà tó ń bọ̀ láti database (ibi tí app ń kó dátà pa mọ́ sí), ṣé mo ti print ẹ̀ jáde wò, àbí mo kàn gbà pé ó dáa? Apá kejì yẹn ni bug, ìyẹn àṣìṣe inú kóòdù, máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan hàn yín. App kan wà tá a ń ṣe fún oníbàárà kan, ó máa ń fi ọjọ́ tí ẹrù máa dé hàn. Lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn, 1 March ló ń gbé jáde, ó pé pérépéré. Ẹnì kan tó ń lò ó ní Houston l'Amẹ́ríkà ní 29 February lòun ń rí. Kóòdù kan náà, dátà kan náà! Nígbà tí mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí bébà ni mo rí i pé a ti yẹ dátà wò, a ti yẹ kàlẹ́ńdà inú app wò, n tẹ́nikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò ni bóyá bákan náà ni gbogbo kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ọjọ́ yẹn. Mo bá ṣí fáìlì tuntun, ìlà kan péré ni mo kọ sí i, console.log(new Date("2024-03-01").toString()), tó kàn máa gbé ọjọ́ yẹn jáde, mo wá fi TZ=America/Chicago (aago Chicago, òun náà ni Houston ń lò) síwájú àṣẹ tí mo fi run ún, kó lè dà bíi pé Houston ni kọ̀ǹpútà mi wà. Thu Feb 29 2024 18:00:00 ló gbé jáde. Ṣẹ́ ẹ rí i, tẹ́ ẹ bá fún JavaScript, èdè tá a fi kọ kóòdù yẹn, ní ọjọ́ báyẹn láìfi aago sí i, aago méjìlá òru UTC (aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n) ló máa gbà á sí. Aago kan òru nìyẹn lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ò yí padà, kò síbi tá a ti máa rí bug yẹn ní Nàìjíríà. Houston ní tiẹ̀ fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn UTC lásìkò yẹn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá fi T00:00 kún un lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, aago ibi tí kọ̀ǹpútà wà ló máa lò.

Ẹ wo bó ṣe kéré tó, ìlà kan. Ẹ máa yọ n tí ò kàn án kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ yọ CSS (kóòdù tó ń ṣe ojú app lọ́ṣọ̀ọ́), ẹ yọ login, ẹ yọ API (ọ̀nà tí app ń gbà bu dátà láti ibòmíì) kẹ́ ẹ fọwọ́ kọ dátà sínú fáìlì, kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá bug yẹn ṣì wà. Tó bá sọnù lójijì, inú èyí tẹ́ ẹ yọ kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wá a lọ.

Tó bá jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo git bisect, àṣẹ kan nínú git, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tẹ́ ẹ ṣe sí kóòdù; commit ni wọ́n ń pe àyípadà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ fi pamọ́ síbẹ̀. Ẹ máa sọ fún un pé commit báyìí dáa, commit báyìí ò dáa, á máa gbé ti àárín fún yín yẹ̀ wò. Bí commit bá tó 1,000, bí ìgbà 10 lẹ máa yẹ̀ wò tẹ́ ẹ fi máa bá èyí tó bà á jẹ́, ó sì máa ń dùn mí báwọn èèyàn ṣe ń fojú ka gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan máa ń ṣàlàyé kóòdù wọn fún pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ èèyàn lèmi fẹ́ràn, pàápàá ẹni tí ò mọ kóòdù yẹn rárá, torí òun ló máa bi yín léèrè n tẹ́yin ti gbà láìwádìí. Kẹ́ ẹ lọ sùn náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ bá a dé sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bi ChatGPT, ìwọ̀nba kóòdù tó kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ gé e tán ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má da odindi project lé e lórí.

Ẹ gé tiyín báyìí, kẹ́ ẹ gbé n tó kù wá síbí pẹ̀lú error yẹn látòkè délẹ̀, kì í ṣe ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan, a ó jọ wò ó.