Èsì: Rímù alloy tó ń jo afẹ́fẹ́

Ẹ ní táyà yín tó wà lórí rímù alloy (èyí tí wọ́n fi aluminiọ́mù ṣe) ń dẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ìṣó lára rẹ̀. Ìpẹtà ni mo fura sí, níbi tí etí táyà ti jókòó sórí rímù. Ìpẹtà irú rímù yìí máa ń funfun bí ìyẹ̀fun. Ó máa ń gbé ọ̀dà rímù sókè, afẹ́fẹ́ á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ fi omi ọṣẹ pa etí rímù tinú tòde, àti ìdí fáàfù (ẹnu tí a ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà): ibi tó bá ń hó ló ń jò. Kí fọkanáísà tú táyà, kó ha ìpẹtà náà kúrò títí ibẹ̀ á fi dán, kó pààrọ̀ fáàfù. Ẹni tó bá fẹ́ kàn da gúlúù lé ìpẹtà lórí, ẹ má gbé e fún un rárá. Fọkanáísà tó ṣeé fọkàn tán á fi ibi tó ń hó hàn yín kó tó dárúkọ owó.