Mo mọ fọ́múlà, ṣùgbọ́n ìṣirò kẹ́mísírì kì í bọ́ sí i: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Terminale D, kíláàsì tó kẹ́yìn ní girama, ni mo wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, BAC, ìdánwò àṣejáde wa, sì ti dé tán. Mo ti há gbogbo fọ́múlà sórí, ṣùgbọ́n bí ìṣirò kẹ́mísírì bá dé, mi ò kì í mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi wá pé bí a bá sun tọ́ọ̀nù kan òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, tí 90% rẹ̀ jẹ́ CaCO₃, mélòó ni gáàsì tó máa jáde, ní 25 °C àti 101 325 Pa? Mo rí 18 m³. Olùkọ́ wa rí 220 m³. Wọ́n tún bi wá ní pH (ìwọ̀n bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú omi) omi HCl, ásíìdì alágbára kan, tó jẹ́ 10⁻⁸ mol/L. Mo kọ 8, wọ́n fagi lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìmúra ìdánwò. O ṣe dáadáa bí o ṣe kọ iye tí o rí sínú ìbéèrè rẹ, torí òun ló jẹ́ kí n rí ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. Fọ́múlà kọ́ ló dà ọ́ láàmú. PV = nRT tí o lò (P ni ìfúnpá gáàsì, V ni àyè tó gbà, n ni iye móòlù rẹ̀, R ni nọ́ńbà tí kì í yí padà, T ni ìwọ̀n ooru), òun náà ni olùkọ́ yín lò. Ohun tí o kó sínú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń kọ́ ní PCT (físíìsì, kẹ́mísírì àti tẹkinọ́lọ́jì) níbí ní Kétu ló gbà pé bí àwọn bá ti há fọ́múlà sórí, ìṣirò ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ni fọ́múlà ń dé.

Bí ìbéèrè bá ti dé ọwọ́ rẹ, pa ìwé fọ́múlà dé ná. Bi ara rẹ pé: kí ló ń yí padà, kí ló sì ń yí padà dà? Òkúta yìí, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbólò tí kò jìnnà sí wa, bí iná bá mú un dáadáa, ó ń pín sí méjì: CaO tó ṣẹ́ kù sínú iná, àti CO₂ tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Kọ ọ́ sílẹ̀:

CaCO₃ → CaO + CO₂

Ka átọ́ọ̀mù tọ̀tún-tòsì, wọ́n dọ́gba. Ohun tó ń sọ ni pé CaCO₃ kan ń bí CO₂ kan. Ìdajì iṣẹ́ ti parí, o ò sì tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò.

Ṣùgbọ́n iye ni ìdọ́gba yẹn ń sọ, kò sọ ìwúwo. 100 kg CaCO₃ kò lè bí 100 kg gáàsì. 44 kg ló ń bí. Ibẹ̀ ni móòlù ti wọlé. Lọ́jà, kò sẹ́ni tó ń ka hóró àgbàdo, òṣùwọ̀n la fi ń wọ̀n ọ́n. Móòlù ni òṣùwọ̀n tiwa: 6,02214076 × 10²³ hóró, iye tí gbogbo ayé ti fẹnu kò sí láti 20 oṣù karùn-ún ọdún 2019. Ṣúgà, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú yín, 342 g rẹ̀ ló jẹ́ móòlù kan. Ti CaCO₃ jẹ́ 100 g: 40 ti kálísíọ̀mù, 12 ti kábọ̀nù, 48 ti ọ́síjìn mẹ́ta. Ìwúwo wọn yàtọ̀, iye hóró inú wọn kò yàtọ̀.

Nítorí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá fún ọ, ìbáà ṣe gíráàmù, ìbáà ṣe lítà, tètè sọ ọ́ di móòlù. Gba inú ìdọ́gba kọjá sí móòlù ohun tí wọ́n ń bèèrè. Lẹ́yìn náà ni kí o tó wá yí i sí lítà tàbí kílò. Ó yá, jẹ́ ká ṣe é:

90% nínú 1 000 kg = 900 kg = 900 000 g
900 000 g ÷ 100 g/mol = 9 000 mol CaCO₃
nítorí náà, 9 000 mol CO₂

Kí o tó tẹ ohunkóhun, fojú díwọ̀n ìdáhùn. Ní ìwọ̀n ooru tiwa yìí, móòlù gáàsì kan ń gba nǹkan bíi lítà 24. Ìlọ́po 9 000 rẹ̀ jẹ́ lítà 216 000, ìyẹn 216 m³. Ká ní o ti ṣe èyí ni, 18 ì bá ti kọ ọ́ lóminú kí o tó fà á fún olùkọ́.

Wàyí o, wo R: 8,314 J/(mol·K). K wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mú R yìí ti gbà pé Pa lòun máa lò fún P, m³ fún V, àti Kelvin fún T. 25 °C di 25 + 273 = 298 K:

V = 9 000 × 8,314 × 298 ÷ 101 325 = 220 m³

Ìwọ fi 25 síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo pín 220 sí 18, ó lé ní 12 díẹ̀. Mo pín 298 sí 25, òun náà ń lọ bíi 12. Wò ó báyìí: bí a bá fi ìwọ̀n Celsius sínú fọ́múlà yìí, tí ojú ọjọ́ sì wá jẹ́ 0 °C, gáàsì inú bọ́ọ̀lù á pòórá. Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀. 0 °C kì í ṣe òpin òtútù, ibi tí omi ti ń dì lásán ni.

Àwọn mìíràn á fi 22,4 L/mol ṣe é, wọ́n á rí 201,6 m³. Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà: 0 °C ni 22,4 wà fún.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tí a wà nítòsí ẹnubodè, tí a sì ń ra ìwé láti Nàìjíríà. Nínú ìwé tiwa, kómà ló ń ya odindi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá. Nínú tiwọn, àmì ìdánudúró ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kómà sì wà fún ẹgbẹ̀rún. 1,000 g jẹ́ kílò kan lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ wa, gíráàmù kan péré ni. Kọ g, mol, L sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ní gbogbo ìlà, kí o sì máa fagi lé èyí tó bá pa ara wọn rẹ́. Bí o bá ń wá m³ tó já sí J/Pa, o yege, nítorí ọ̀kan náà ni wọ́n. Bó bá já sí nǹkan mìíràn, padà sẹ́yìn.

Ó ku ti ásíìdì. pH omi lásán jẹ́ 7, ti ásíìdì kéré sí i. pH 8 túmọ̀ sí pé o bu ásíìdì sómi, omi náà wá di òdìkejì ásíìdì. Ó yẹ kí ìyẹn ṣe ọ́ ní kàyéfì. Ní 25 °C, omi lásán ti ní H₃O⁺ (ohun tó ń mú omi jẹ́ ásíìdì) tirẹ̀, 10⁻⁷ mol/L, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí HCl rẹ mú wá. A kò lè fojú fo tomi. Pe àpapọ̀ H₃O⁺ ní h. Èyí tó ti ara HCl wá jẹ́ 10⁻⁸, èyí tó ti ara omi wá sì dọ́gba pẹ̀lú OH⁻ (ìkejì H₃O⁺ tí omi ń bí pẹ̀lú rẹ̀). Ní 25 °C, H₃O⁺ ní ìlọ́po OH⁻ jẹ́ 10⁻¹⁴, nítorí náà OH⁻ jẹ́ 10⁻¹⁴/h:

h = 10⁻⁸ + 10⁻¹⁴/h
h² − 10⁻⁸h − 10⁻¹⁴ = 0
h = 1,05 × 10⁻⁷ mol/L, pH = 6,98

pH = −log C tí o há sórí dára fún ásíìdì alágbára, bí C bá ti tó 10⁻⁶ mol/L sókè. Bí o bá ń há fọ́múlà, há ààlà rẹ̀ mọ́ ọn.

Tún èyí ṣe fúnra rẹ láì wo òkè: 500 kg òkúta, 80% CaCO₃, 30 °C, 101 325 Pa kan náà. Ó yẹ kí o rí nǹkan bíi 99 m³. Bí o bá rí 9,8, Kelvin ni o tún gbàgbé.