Ìbéèrè Òǹkàwé: Láti Zoom Bọ́ sí Google Meet

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ yunifásítì ni mí ní Àkúrẹ́. Zoom ọ̀fẹ́ tí mo fi ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń já kíláàsì mi ní ìṣẹ́jú 40. Akẹ́kọ̀ọ́ 70 ni mo ní. Ṣé kí n kó lọ sí Google Meet?

Ìdáhùn: Ẹ lè kó lọ, torí èèyàn 100 ló ń gbà. Àmọ́ Meet ọ̀fẹ́ náà ní ààlà: ìṣẹ́jú 60, bí èèyàn bá ti tó mẹ́ta. Ẹ pín iṣẹ́ wákàtí méjì sí ìṣẹ́jú 50 lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìyókù sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa yí líǹkì padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọnù. Ẹ ṣí Google Calendar lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ orúkọ kọ́ọ̀sì, ẹ fi Google Meet kún un, kí ẹ wá yàn án pé kó máa wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Líǹkì kan náà lẹ ó lò títí sáà yóò fi parí.

Ohun tó dùn wá ni pé Meet ọ̀fẹ́ kì í gba kíláàsì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ nílò rẹ̀. Zoom ọ̀fẹ́ ń gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ẹ má tíì yọ Zoom kúrò.

Bí ohùn bá ń padà, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀rọ méjì ló ṣí nínú yàrá kan. Ẹ pa ohùn ọ̀kan.