Ẹ Bi Wá, Ká Dáhùn: Méjọ̀ ẹ̀sìn, ṣé pásítọ̀ lo fẹ́ dà ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ọdún kejì ni mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà. Mo mú kọ́ọ̀sì ẹ̀sìn kan ní sẹmẹ́sítà tó kọjá torí pé àkókò ẹ̀ bá tèmi mu, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bó ṣe wá di pé ìwé kọ́ọ̀sì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tí mo bá jókòó kàwé. Mo wá fẹ́ fi ṣe méjọ̀ báyìí, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí dígírì mi máa dá lé lórí. Màmá mi ní ṣé pásítọ̀ ni mo fẹ́ dà ni, dádì mi ní ebi ló máa pa mí, ọ̀rẹ́ mi ní kí n yáa fi ṣe máínọ̀, ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n ń ṣe mọ́ méjọ̀, kí gbogbo wọn lè sinmi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. – Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, màmá ẹ nìkan kọ́ o. Ẹni tó o bá ti sọ fún pé ẹ̀sìn lò ń kà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọ́n máa gbé ẹ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ wà lọ́tọ̀, sẹ́mínárì là ń pè é, lẹ́yìn dígírì àkọ́kọ́ lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń lọ síbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ka ìṣirò ń lọ, ẹni tó ka bísínẹ́ẹ̀sì náà ń lọ. Ti yunifásítì yàtọ̀. Wọn ò ní sọ pé kó o gbà gbọ́, wọn ò sì ní sọ pé kó o má gbà gbọ́, ohun tí wọ́n máa máa bi ẹ́ ni pé kí làwọn èèyàn yìí ń ṣe, ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ta ló ń pàṣẹ níbẹ̀, ta ni wọn ò jẹ́ kó lanu sọ̀rọ̀. Kóòtù pàápàá ti dá sí i. Lọ́dún 1963, nínú ẹjọ́ Abington àti Schempp, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní ilé-ìwé ìjọba ò gbọdọ̀ máa darí àwọn ọmọ láti ka Bíbélì bí ìjọsìn láàárọ̀, àmọ́ nínú ìdájọ́ kan náà yẹn ni wọ́n ti sọ pé kò sóhun tó burú nínú kéèyàn kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wá ń pọ̀ sí i láwọn yunifásítì ìjọba. Torí náà tí tíṣà kan bá fẹ́ fi kíláàsì yí ẹ lọ́kàn padà, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kọ́ nìyẹn.

Tó o bá fẹ́ kí màmá ẹ fojú ara ẹ̀ rí i, ẹ jọ ka Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní àti orí kejì pọ̀, láìkánjú, nínú Bíbélì Yorùbá tiẹ̀ gan-an. Ní orí kìíní, koríko àtigi ló kọ́kọ́ dé, ẹja àtẹyẹ tẹ̀ lé e, ẹranko tún tẹ̀ lé wọn, èèyàn ló gbẹ̀yìn, akọ àtabo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá bọ́ sí orí kejì láti ẹsẹ kẹrin, ọkùnrin ti dé kí wọ́n tó gbin ọgbà, lẹ́yìn tí wọ́n dá ọkùnrin ni wọ́n dá ẹranko, obìnrin ló wá gbẹ̀yìn pátápátá. Ìbéèrè kíláàsì ni pé ṣé ọwọ́ kan ló kọ méjèèjì àbí ọwọ́ méjì, tó bá sì jẹ́ méjì, kí ló dé tí ẹni tó kó wọn pọ̀ ò yọ ọ̀kan kúrò? Èèyàn lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó sì tún kúnlẹ̀ gbàdúrà kó tó sùn, ìkan ò dí ìkan lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ebi tí dádì ẹ sọ, mi ò ní fi dídùn ahọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Dígírì yìí ò ní láísẹ́nsì tó ń tẹ̀ lé e bíi ti nọ́ọ̀sì, ìwọ̀nba sì ni ìpolówó iṣẹ́ tó máa sọ pé ẹni tó ka ẹ̀sìn làwọn ń wá. Àmọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà ò fi méjọ̀ kankan ṣe dandan, lọ́pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà, tó o bá ti ṣe àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè, wọn ò ní torí méjọ̀ ẹ lé ẹ padà. Àwọn tó ka ẹ̀sìn wà nídìí ìròyìn, wọ́n ń ṣe tíṣà, wọ́n wà ní mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n wà láwọn àjọ tó ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé má dúró de ọdún kẹrin kó o tó wá ìńtánṣíìpù, ìyẹn iṣẹ́ ránpẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó wá ku méjọ̀ àbí máínọ̀. Lọ́pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, méjọ̀ máa tó kọ́ọ̀sì bíi mẹ́wàá sí méjìlá, máínọ̀ ò ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Gbogbo èèyàn ló ń wo iye yẹn, èmi ò tiẹ̀ kà á sí bàbàrà. Máínọ̀ máa jẹ́ kó o ṣa èyí tó wù ẹ́, tó o bá fẹ́ràn ìtàn àwọn wòlíì àtọdún ìbílẹ̀ ṣáá, á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Méjọ̀ máa mú ẹ jókòó ti tíọ́rì, ìyẹn àlàyé àwọn onímọ̀ nípa ohun tí ẹ̀sìn jẹ́, kó o ka Durkheim, ọmọ Faransé tó kọ̀wé lọ́dún 1912 pé àwùjọ fúnra ẹ̀ lèèyàn ń júbà tó bá ń júbà ohun mímọ́, kó o ka Weber, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ Jámánì, kó o ka William James, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Amẹ́ríkà, kó o sì wá kọ àròkọ gígùn lọ́dún tó kẹ́yìn. Kíláàsì yẹn ló ń lé èèyàn sá. Lọ mú un ní sẹmẹ́sítà tó ń bọ̀, kó o tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Tó o bá ń bínú sí Durkheim débi pé o ò rí oorun sùn, ṣe méjọ̀ ẹ jàre, tó bá jẹ́ pé oorun ló ń kùn ẹ́ níbẹ̀, máínọ̀ ti tó. Kó o sì bi ẹ̀ka yẹn léèrè bóyá kọ́ọ̀sì kan lè wọlé fún méjọ̀ méjì, torí ìtàn àti ẹ̀sìn máa ń pín kọ́ọ̀sì láàárín ara wọn, o lè ṣe méjèèjì láì lo ọdún kún un.

ÌBÉÈRÈ: Mùsùlùmí ni mí, mo fẹ́ mú kọ́ọ̀sì Ìsìláàmù nìkan nínú máínọ̀ mi kí ìmọ̀ ẹ̀sìn míì má bàa ba ìgbàgbọ́ mi jẹ́. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀? – Ẹni tó ń ṣọ́ra

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sòótọ́. Àwọn kan máa ń yí padà o, irọ́ ni màá pa tí mo bá ní kò sẹ́ni tó ń yí padà, àwọn mìíràn sì máa ń jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tó le ju èyí tí wọ́n gbé wọlé lọ. Ṣùgbọ́n tiyín nìkan tẹ́ ẹ fẹ́ kà yẹn, mi ò bá yín lọ́wọ́ sí i. Max Müller, ọ̀kan lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìfiwéra ẹ̀sìn, sọ ọ́ lọ́dún 1870 pé ẹni tó mọ ọ̀kan ṣoṣo ò mọ ìkankan. Ẹ wo ìtàn Yúsúfù tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Nínú súrà 12, ẹ̀wù ẹ̀ ya láti ẹ̀yìn, ẹ̀wù yẹn ló sì jẹ́rìí pé ó ń sá lọ ni, kò jẹ̀bi. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 39, ó fi aṣọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà, aṣọ yẹn náà lobìnrin ọ̀hún sì gbé jáde láti fi bà á lórúkọ jẹ́. Ẹni tí ò bá tíì ka ìkejì lè má fura rárá pé yíya láti ẹ̀yìn yẹn tó nǹkan.

Ọ̀pọ̀ tíṣà tún máa ń fún yín níṣẹ́ pé kẹ́ ẹ lọ síbi ìjọsìn tí kì í ṣe tiyín, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí: ibo ni wọ́n bọ́ bàtà sí, ta ló kọ́kọ́ wọlé, ibo làwọn obìnrin jókòó sí, ta ló ń dárin. Ẹ ò gbọdọ̀ kọ pé ó burú, ẹ ò gbọdọ̀ kọ pé ó dáa. Iṣẹ́ yẹn le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tó bá jẹ́ pé wíwọ ibẹ̀ gan-an ló ń dà yín lọ́kàn rú, ẹ lọ bá tíṣà yín sọ ọ́ ṣáájú, wọ́n sábà máa ń rí nǹkan míì fún yín ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mò ń kà, ṣé máínọ̀ ẹ̀sìn máa wúlò fún mi àbí mo kàn fẹ́ fìyà jẹ ara mi?

ÌDÁHÙN: Ó wúlò gan-an ni. Ẹlẹ́rìí Jèhófà máa kọ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ní káàdì tó sọ bẹ́ẹ̀ lápò. Aláìsàn kan máa bi yín bóyá ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti rí jẹ́látìn tó wà nínú kápúsù. Oníṣúgà tó ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì fẹ́ mọ bóun ṣe máa pín oògùn sáàárín ìṣínu àti sààrì, ó dáa kẹ́ ẹ mọ̀ pé Kùránì fúnra ẹ̀, nínú súrà kejì, gba aláìsàn láyè láti san ààwẹ̀ náà padà nígbà míì. Ìdílé Júù kan lè fẹ́ gbé òkú wọn kúrò ní ọsibítù kíákíá torí wọn kì í fẹ́ kí ìsìnkú pẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni àkókò, torí ṣíftì ọsibítù ti gba gbogbo ọ̀sẹ̀ yín, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wá kọ́ọ̀sì kan tó dá lórí ẹ̀sìn àti ìlera tàbí ikú, kẹ́ ẹ mú un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, kẹ́ ẹ sì bi olùdámọ̀ràn yín bóyá ó lè rọ́pò ọ̀kan nínú àwọn kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́.