Omi tó ń padà sí àyà: ǹjẹ́ ó lè ti inú ikùn wá?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì àyà ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láàárín oṣù méjì, ó sì tún ń kún. Àyẹ̀wò kò fi ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn. Dókítà tuntun wá ń bi í léèrè nípa ọtí àti inú rírun. Kí ni ọtí fi kan ẹ̀dọ̀fóró?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín. Ìbéèrè dókítà yẹn tọ̀nà. Lóòótọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ, òtútù àyà, àìlera ọkàn àti jẹjẹrẹ ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí nílẹ̀ wa bí omi bá yí ẹ̀dọ̀fóró ká, nítorí pé àwọn ni ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fa omi tí ó ń padà, tí a kò sì rí ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a rántí páńkíríà, ẹ̀yà ara tí ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpòlúkù, tí omi ara rẹ̀ ń bá wa da oúnjẹ.

Bí ọtí àmujù ọlọ́dún gbọọrọ bá ti ba páńkíríà jẹ́, ọ̀nà tóóró tí omi rẹ̀ ń gbà lè ya. Bí ó bá ya láti ẹ̀yìn, omi náà lè gòkè gba ojú ihò tí ọ̀nà ọ̀fun tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gbà láti àyà bọ́ sí ikùn, kí ó sì dà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Apá òsì ni ó wọ́pọ̀ jù. Òkúta inú òróòro tàbí ìfarapa níkùn náà lè fà á, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọtí bú ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tí ó ń ṣini lọ́nà ni pé inú lè má run aláìsàn rárá. Èémí tí kò délẹ̀, ikọ́ àti àyà dídùn nìkan ni yóò máa sọ. Ó máa ń dùn mí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù 6 láìjẹ́ pé a yẹ omi náà wò dáadáa.

Nígbà tí wọ́n bá tún fà á, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọn amylase inú rẹ̀, èyí tí í ṣe èròjà inú omi páńkíríà tí ó ń da oúnjẹ. Bí ó bá ti páńkíríà wá, iye amylase náà sábà máa ń ju ẹyọ (unit) 1,000 lọ nínú lítà kan, ó sì lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá. Jẹjẹrẹ náà lè gbé e sókè díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń ya àwòrán CT tàbí MRI láti rí ojú ibi tí ó ti ya.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí a fa omi náà, kí a fún páńkíríà ní ìsinmi, kí a sì ki ọ̀pá kékeré láti ẹnu dé ọ̀nà tí ó ya náà kí omi lè ṣàn sí ìfun. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ó gbọ́dọ̀ fi ọtí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń mu ún lójoojúmọ́, kí ó má dá a dúró lójijì láìsí dókítà, nítorí ó lè fa gìrì. Bí ibà bá mú un tàbí tí èémí rẹ̀ ń le sí i, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.