Ṣé arìnrìn-àjò lè ya fọ́tò ẹni tí kò mọ̀ rí ní ìgboro Adó-Èkìtì láìtọrọ àyè?

Ó lè yà á, nítorí kò sí òfin àpapọ̀ Nàìjíríà tó dìídì ka yíya fọ́tò ẹni tó wà ní ìta gbangba léèwọ̀. Ṣùgbọ́n abala 37 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 dáàbò bo ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà àti ilé rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí kámẹ́rà yọjú wọ àgbàlá onílé. Bárékè ológun kò sí lára ìta gbangba yìí.

Iyì ẹni tí à ń yà ló ṣe pàtàkì jù. Ní Ọjà Ọba, bí ìyá oníṣu tó ń to iṣu rẹ̀ jọ bá rí kámẹ́rà, tó sì fi ìborùn bojú, ó ti kọ̀ nìyẹn, kò di ìgbà tó bá pariwo. Bí ẹ bá ti ya tirẹ̀ kó tó mọ̀, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kí i pé "Ajé á wọgbá o", ẹ fi àwòrán náà hàn án, kí ẹ sì pa á rẹ́ bí kò bá fẹ́ ẹ. Ní Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń wẹ̀. Ti ọmọdé, òbí rẹ̀ ni kí ẹ bi.